Ọjọ́ Ajé tí kọ̀ǹpútà pè ní Ọjọ́ Ẹtì

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹta, màmá tó máa ń gbowó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí n'Ìbàdàn pè mí lórí fóònù. Ohùn wọn ò dún bó ṣe máa ń dún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́ máa bọ̀. Wọ́n ní mo kówó jẹ."

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ yẹn tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, èmi náà ni mo sì kọ ètò tí wọ́n fi ń tẹ rìsíìtì. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀.

Ohun tí ọ̀dítọ̀ wọn rí kò ṣeé fojú fò. Rìsíìtì mẹ́rin wà nínú ìwé tí déètì wọn jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, láti aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ títí dé aago mẹ́fà ku díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, aago mẹ́rin ni màmá ti pa àkáǹtì ọjọ́ náà dé, tí wọ́n sì ti ka owó lé akápò lọ́wọ́. Ta ló tún wá sanwó lẹ́yìn ìyẹn? Níbo ni owó ọ̀hún wọlé sí? Èyí tó tún dá kún un ni pé ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ₦15,000, tún fara hàn láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, orúkọ kan náà, iye kan náà. Màmá ní Ọjọ́ Ajé ni àwọn gba gbogbo owó yẹn pátá, pé àwọn ò gba kọ́bọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin Ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀dítọ̀ ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ náà. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà méjì ni èèyàn sì lè gbà ka àsìkò tó kọ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kìíní ni ọjọ́ àti wákàtí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kejì ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tó ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ. Mo ka àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Ajé ní ọ̀nà méjèèjì, mo sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìlà kan ní Ọjọ́ Ẹtì ni, 17:52. Ìlà tó tẹ̀ lé e gan-an ní Ọjọ́ Ajé ni, 08:52. Àmọ́ tí a bá ka á láti ìgbà tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré ló wà láàárín ìlà méjèèjì. Wákàtí 63 ti fò kọjá níbi tí ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré ti kọjá. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó pe màmá wá wò ó.

Aago kan ṣoṣo kọ́ ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo ti mọ èyí tipẹ́ bí èèyàn ṣe ń mọ nǹkan nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n lára.

Aago tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá sùn ni wọ́n ń pè ní RTC. Bátìrì rubutu kan bíi kọ́bọ̀, CR2032, ló ń bọ́ ọ. Tí iná bá wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí ẹ tiẹ̀ pa kọ̀ǹpútà, iná díẹ̀ ṣì ń wọ inú bọ́ọ̀dù tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bátìrì yẹn. Tí iná bá lọ pátápátá, bátìrì nìkan ló kù. Ní ọ́fíìsì yìí, màmá máa ń yọ gbogbo wáyà kúrò lára ògiri kí wọ́n tó lọ sílé, torí iná ọba lè dé lóru kó sì jó nǹkan. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bátìrì náà ti ń dá ṣiṣẹ́ lóròòru, ó ń dá ṣiṣẹ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, fún ọdún bíi mélòó kan. Fóòtì mẹ́ta ló yẹ kó ní. Mo ki mítà bọ̀ ọ́: 1.4.

Kí ló wá dé tí aago náà ò fi gbé ọdún àtijọ́ kan jáde, bíi January 2009, tí ojú gbogbo èèyàn ì bá fi là lójú ẹsẹ̀? Òṣìṣẹ́ kékeré kan wà nínú Linux tó ń jẹ́ systemd-timesyncd. Lóòrèkóòrè, ó máa ń fọwọ́ kan fáìlì kan lórí díìsìkì, kí àsìkò ara fáìlì yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí ìgbà tí ẹ̀rọ ríran kẹ́yìn. Tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, tí RTC sì sọ àsìkò tó ti lọ sẹ́yìn ju ti fáìlì náà lọ, á ti aago síwájú dé ibi tí fáìlì náà dé. Ètò tó dáa gan-an ni. Láìsí i, ẹ̀rọ tó bá rò pé 2009 la wà ò ní lè wọ ìkànnì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí gbogbo ìwé-ẹ̀rí ìkànnì lójú rẹ̀ á dà bí èyí tí ọjọ́ wọn ò tíì pé. Àmọ́ ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ríran kẹ́yìn ni aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí màmá pa á. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ padà. Dátà módẹ́ẹ̀mù sì ti tán lópin ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n tó rán ọmọ lọ ra káàdì, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọlé, kí NTP, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń béèrè àsìkò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó mú àsìkò tòótọ́ wọlé, ìṣẹ́jú méjìlélógójì ti kọjá, rìsíìtì mẹ́rin sì ti jáde.

Mo lọ ra bátìrì lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún aago ṣe nítòsí ọjà Dùgbẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọ̀o, ọmọ mi. Kí la ń wá?"

"Bátìrì 2032 ni, sà."

"Ti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò?"

"Ti kọ̀ǹpútà ni, sà. Aago inú ẹ̀ ló ti kú."

Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé aago wà nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n wá ṣí aago ọwọ́ kan tó ti bàjẹ́, wọ́n fi ẹnu àmúga tọ́ka sí ọ̀pá onírin tíńtín kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. "Èyí lẹ̀mí ẹ̀. Bí bátìrì bá kú, mo lè pààrọ̀ ẹ̀. Bí èyí bá kú, mo máa ń ní kí olówó ẹ̀ lọ ra òmíràn ni."

Irú hóró kan náà ló wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Òkúta quartz ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gé bíi pàlàkà kànnàkànnà. Tí iná bá kàn án, ẹnu méjèèjì pàlàkà náà á máa gbọ̀n, ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pín 32,768 sí méjì, kí ẹ tún èyí tó kù pín sí méjì, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ku ẹyọ kan: ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí tí wọ́n fi yan iye yẹn nìyẹn, torí ẹ̀rọ tó ń pín nǹkan sí méjì ló rọrùn jù láti ṣe. Bàbá ò mọ iye náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun kan tí mi ò rò rí. Wọ́n ní aago tí èèyàn bá ń wọ̀ sọ́wọ́ lójoojúmọ́ máa ń bá àsìkò mu ju èyí tí wọ́n bá gbé sórí fèrèsé lọ. Òótọ́ ni. Nítòsí ìwọ̀n ooru 25 ni pàlàkà yẹn ń sáré dáadáa jù. Bó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń falẹ̀. Bó bá tutù, ó tún ń falẹ̀. Ara èèyàn ò jẹ́ kí aago ọwọ́ gbóná jù tàbí kó tutù jù. Inú àpótí kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn lọ́sàn-án oṣù Kẹta lè gbóná dé 45, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí RTC fi bí ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀ rẹ̀yìn lójúmọ́.

Mo padà dé, mo fi bátìrì sí i, mo tan ẹ̀rọ. Bí mo ṣe ń ka ohun tí kernel, ọkàn Linux gan-an, kọ nígbà tó ń jí, mo bá ìlà kan pàdé, tó ní aago kan tó ń jẹ́ TSC ò ṣeé gbára lé torí ó máa ń dúró bí ẹ̀rọ bá sinmi:

tsc: Marking TSC unstable due to TSC halts in idle

Ìyẹn ò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀sùn màmá, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Tí kernel bá ti jí, ẹ̀ẹ̀kan ló ń wo RTC. Lẹ́yìn náà, òun fúnra ẹ̀ ló ń ka àsìkò, ó sì gbọ́dọ̀ yan ohun tí yóò máa fi kà á. Àgbà inú àwọn aago tó lè lò ni PIT, tó ti wà láti ìgbà IBM PC ọdún 1981. Ìgbà 1,193,182 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń kà. Iye tó ṣàjèjì ni, àfi téèyàn bá mọ ibi tó ti wá: quartz tó ń gbọ̀n ní mílíọ̀nù 14.31818 ni wọ́n fi sórí ẹ̀rọ yẹn, torí iye náà bá àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà mu ní ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n wá pín in sí méjìlá. Tẹlifíṣọ̀n yẹn ti kógbá sílé, iye náà ṣì ń bẹ nínú kernel.

Èyí tó yá jù ni TSC. Inú chip tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an ló wà, láti ìgbà Pentium ọdún 1993. Nígbà náà, gbogbo ìmí chip ni ó ń kà. Ó yá, ṣùgbọ́n nígbà tó bá jí, kernel kì í sábà mọ bó ṣe ń sáré tó. Ó ní láti fi òmíràn wọ̀n ọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ titun wọ́: PIT àtijọ́ yẹn ni kernel sábà máa ń pè pé kó wá dúró ti TSC fún ìgbà díẹ̀, kó fi mọ iye tí TSC ń kà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fẹ́ràn ibi yìí gan-an nínú kóòdù Linux. Mo ti kà á bí ìgbà mẹ́wàá.

Kernel fún aago kọ̀ọ̀kan ní máàkì: TSC gba 300, HPET 250, aago ACPI 200, PIT 110. Máàkì tó ga jù ló ń mú, kò sì fọkàn tán an pátápátá. Tí ìdí bá wà láti fura, bí ìgbà méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni yóò máa fi TSC wé aago mìíràn. Tí wọn ò bá sọ ohun kan náà mọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé TSC ò ṣeé gbára lé, ó sì mú èyí tó tẹ̀ lé e. Lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Chip náà ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lórí àwọn chip ìgbà yẹn, tí chip bá sùn wọra, TSC náà sùn. Aago tó ń sùn ò ṣeé fi ka àsìkò. Kernel mọ èyí látìbẹ̀rẹ̀, ó gbé TSC jù, ó mú HPET.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ̀rọ tirẹ̀ ń lò lè wo /sys/devices/system/clocksource/clocksource0/current_clocksource.

Mo fẹ́ mọ ohun tí ìyàtọ̀ náà jẹ́, mo bá kọ ètò kékeré kan tó ń béèrè àsìkò ní ìgbà mílíọ̀nù kan. Lórí laptop mi tó ń lo TSC, ó parí ní 0.03 ìṣẹ́jú-àáyá. Lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, 1.3. TSC wà lẹ́nu ọ̀nà, ètò lè kà á láìwọlé tọ kernel lọ rárá. Ti HPET yàtọ̀: ètò á kanlẹ̀kùn, kernel á jáde lọ bá chip mìíràn lórí bọ́ọ̀dù, á sì dúró kó dáhùn. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyàtọ̀ yẹn ò já mọ́ nǹkan. Ẹni tó ń fi dátábéèsì ńlá jẹun, kó lọ wo tirẹ̀ lónìí.

Ó ku ₦15,000 tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ò kan bátìrì. Èmi ni mo jẹ̀bi ẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ sínú ètò mi pé tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ò bá fọwọ́ kan nǹkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tì í síta, kó tún béèrè password. Ọ̀nà tí mo fi ka ìṣẹ́jú márùn-ún náà ni pé mo wo aago nígbà tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, mo tún wo aago báyìí, mo yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì. Lójú èèyàn, kò sí àléébù níbẹ̀. Àmọ́ aago tí mo wò ni CLOCK_REALTIME, èyí tí NTP lè gbé fò. Nígbà tí wákàtí 63 fò kọjá, ètò mi rò pé màmá ti fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀ láti Ọjọ́ Ẹtì. Ó tì wọ́n síta bí wọ́n ṣe tẹ owó ẹni kẹrin tán, kí ó tó fi hàn wọ́n pé owó ti wọlé. Wọ́n tún wọlé, wọn ò rí i lójú ẹ̀rọ, wọ́n tún un tẹ̀. Kí ni wọn ì bá tún ṣe?

"Aago mélòó ló lù?" àti "ó ti pẹ́ tó?" ìbéèrè méjì ni, aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kernel sì pèsè fún wọn. Ti kejì ni CLOCK_MONOTONIC. Kò mọ ọjọ́, kò mọ oṣù, kò sí ẹni tó lè gbé e fò. Síwájú nìkan ló ń lọ láti ìgbà tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ. CLOCK_BOOTTIME jọ ọ́, àmọ́ ó tún ń ka ìgbà tí ẹ̀rọ bá sùn mọ́ ọn, òun ló sì yẹ kí n lò. Láti ọdún 2012 ni Python, èdè tí a fi ń kọ ètò, ti ní time.monotonic fún irú iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ ọ́n. Mo lo time.time, tó ń wo CLOCK_REALTIME, nítorí òun ni ọwọ́ mi yá sí.

Kò yẹ ká máa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1991, ní Dhahran ní Saudi Arabia, ohun ìjà Patriot tó yẹ kó dènà àfọ̀njá (mísáìlì) kan kò rí i mú. Ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ń ka àsìkò láti ìgbà tí wọ́n ti tàn án. Bí èèyàn ò ṣe lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán pẹ̀lú 0.3333, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ò ṣe lè kọ 0.1 tán pẹ̀lú òdo àti ení. Wọ́n gé e sí bíìtì 24. Ohun tí wọ́n gé dànù kéré débi pé ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti wà ní títàn fún bí 100 wákàtí, gbogbo rẹ̀ sì ti di 0.34 ìṣẹ́jú-àáyá. Láàárín ìyẹn, àfọ̀njá náà ti rin ju ìdajì kìlómítà lọ. Àwọn sójà Amẹ́ríkà 28 ló kú. Mo máa ń rántí iye yẹn nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ìdá ìṣẹ́jú-àáyá ò ṣe nǹkan kan.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ jókòó. Mo tẹ ìlà méjèèjì sórí ìwé, 17:52 àti 08:52, mo fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó wà láàárín wọn. Mo gbé bátìrì àtijọ́ àti tuntun ka orí tábìlì pẹ̀lú mítà, mo ní kí alága fúnra wọn wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó sanwó, ìyá kan tó ń ta gàrí, dìde, wọ́n ní Ìwó làwọn wà ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì yẹn, pé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé làwọn san tàwọn. Mo sọ ti ₦15,000 náà fún wọn, mo sì ní èmi ni mo ṣe àṣìṣe yẹn, kí wọ́n má fi di màmá lẹ́rù. Ọ̀dítọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, dìde láyè rẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá. Wọ́n gbé e dìde. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo ti tún ètò náà kọ. Gbogbo rìsíìtì ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ báyìí, tí kò sí aago tó lè dà á rú. Mo tún ń kọ boot_id, àmì tí kernel ń fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, sílẹ̀ pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú-àáyá látìgbà tí wọ́n ti tàn án, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wádìí lọ́jọ́ iwájú lè to ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí NTP ò bá sì tíì dáhùn, ètò náà kò ní tẹ rìsíìtì kankan àfi tí màmá bá kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lójú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì gbà pé òun ni.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, fóònù mi dún kí n tó jẹun àárọ̀. Màmá ni. Wọn ò kí mi, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lórí rìsíìtì àkọ́kọ́: ọjọ́, oṣù, ọdún, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méje. Mo wo aago ọwọ́ mi, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Gbogbo Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ṣì ń pè.